Má Tíì Sanwó Ọkọ̀ Búlúù Yẹn

Ilé Elépo,
Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí,
Àyèká, lẹ́bàá Òkìtìpupa,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Olúyọmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òjò o, ẹ sì kú ìfaradà. Báwo ni ara rẹ? Báwo ni iṣẹ́ tíṣà, ṣé ẹfun ò tíì jẹ ọ́ níka tán? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọjú díẹ̀? Rose ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wú ti ń fà sẹ́yìn? Kò sí ìrun kan tí mo ń kí tí mi ò fi orúkọ rẹ̀ sí àdúà, Mọ̀rìdíyà ìyàwó mi náà ò sì gbàgbé. Ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ fi retí kì í ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọlọ́run tó fún un lóyún yìí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Sọ fún un pé púpurú tó ní ó ń wu òun jẹ ti wà nínú àpò tí Sàrátù gbé wá. Mọ̀rìdíyà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òjò ọdún yìí pọ̀, ọ̀nà tó lọ sí oko ọ̀pẹ ti di ẹrọ̀fọ̀, epo ò sì fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́, ṣùgbọ́n à ń jẹ, à ń mu. Àìsàn ò sí. Ohun tó ń ṣe mí kì í ṣe àìsàn.

Sàrátù ọmọ mi ló mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Fún un lómi mu, kí ìwọ náà wá ibì kan jókòó sí. Mo mọ̀ pé Sátidé lo fẹ́ lọ sanwó ọkọ̀ búlúù yẹn fún Àkànmú tó ń tà á. Má tíì san án. Mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, títí wàá fi ka lẹ́tà yìí dé ibi tí orúkọ mi wà nísàlẹ̀, má yọ kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

O lè máa bi ara rẹ pé ṣé fóònù mi ti sọnù ni. Kò sọnù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà àkọ́kọ́, bí o ṣe gbé e báyìí lo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà fún mi, o ní kí Olúwa má fi ọ̀rẹ́ mìíràn rọ́pò mi lọ́dọ̀ rẹ. Mo ṣe àmín, mo béèrè bí òjò ṣe ń rọ̀ sí lọ́dọ̀ yín, mo pa á. Nígbà kejì, Rose ló gbé e. Kí ni mo fẹ́ sọ fún aboyún? Mo ní mo kàn fẹ́ kí i ni. Ìwọ mọ̀ mí, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ le tó tèmi ní gbogbo Àyèká, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ẹnu náà di ẹrù lójú mi.

Nígbà tí ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù dé lọ́jọ́ Ajé, mo ń rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì fún àwọn oníbàárà kan láti Ìlútitun. Ọwọ́ mi ò mọ́, mo ní kí Sàrátù bá mi tẹ̀ ẹ́ ká gbọ́. Ayọ̀ ló kún ohùn rẹ bámúbámú. O ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tíṣà ti dá ọ lóhùn, o ti rí ọkọ̀ tí yóò máa gbé Rose lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀kadà kọ́ ni ẹ ó máa wá kiri bí ìrọbí bá dé. O ní ọkọ̀ náà búlúù, ó mọ́, àbùkù kan ṣoṣo tí o rí ni pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún kì í ṣí láti inú, àfi láti ìta. O ní wọ́n yọ nǹkan kan kúrò lára gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀, tí ojú ibẹ̀ ṣì hàn bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. O wá rẹ́rìn-ín, o ní Mùsùlùmí ló lò ó, kò sí àní-àní, ẹni tó ń tọ́jú nǹkan bíi tèmi Múrí ọ̀rẹ́ rẹ ni yóò jẹ́. O ní búùtù rẹ̀ tiẹ̀ ń run epo pupa, àfi bíi pé o wọ ilé wa ní Àyèká, ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀ sí i.

Sàrátù wò mí. Mi ò mọ ìgbà tí kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ mi kún tí epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sílẹ̀.

Olúyọmí, ọkọ̀ mi ni. Èmi ni mo tà á fún Àkànmú ní oṣù Keje. Ìwọ ò rí i lọ́wọ́ mi rí, nítorí ọjọ́ tí mo fẹ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ ló kú sọ́nà, wàá sì gbọ́ nípa ọjọ́ náà láìpẹ́. Ọkọ̀ náà kò dára. Ó ti wọ odò rí. Ibikíbi ló ti lè kú mọ́ ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́, pàápàá nígbà òjò. Láti ọjọ́ Ajé, bí mo bá pa ojú dé, Rose ni mo ń rí lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn tí kì í ṣí láti inú yẹn ló sì fara tì.

Jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ náà ṣe dé ọwọ́ mi. O mọ Dáraọlá tó ń fún epo ní Akotogbo, ọmọ àbúrò ìyá mi. Òun ló gbé e wá bá mi ní oṣù Kejì. Ó ní tòkunbọ̀ ni, Èkó ni òun ti rà á, òun fẹ́ fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìfúnpo, àti pé kàkà kí òun tà á fún àjèjì, kí ẹ̀gbọ́n òun kúkú jẹ adùn rẹ̀. O mọ bó ṣe máa ń rí lára mi bí wọ́n bá pè mí ní ẹ̀gbọ́n láàárín èèyàn. Orí mi ti wú kí n tó rí kọ́kọ́rọ́.

Bó ṣe ṣí búùtù, òórùn epo gbà mí nímú. Ó bẹ̀ mí, ó ní kẹ́ẹ̀gì kan ló dà lọ́nà, kí n má bínú. Mo bú sẹ́rìn-ín. Bínú kẹ̀? Epo ló rán mi nílé ìwé, epo ni mo fi fẹ́ Mọ̀rìdíyà, epo ni mo fi kọ́lé tí mò ń gbé. Ìgbà wo ni ọmọ elépo gbọ́ òórùn epo tó bi í léèrè pé kí lo wá ṣe níbí? Mo ní ọkọ̀ yìí ti di ọmọ ilé ká tó rà á. Ká ní ará ibòmíì ni, ì bá ti fa imú sókè, ì bá ní kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́ kí òun tó wò ó. Àwa tí epo ń bọ́ nìkan la lè ṣe irú àṣìṣe yẹn.

Jethro mẹkáníìkì wà níbẹ̀, ọmọ Aláàdúrà tó ní sọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Òkìtìpupa. Èmi fúnra mi ni mo ránṣẹ́ pè é. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, ó fa imú, ó ní Bàbá Sàrátù, epo yìí pọ̀ jù. Ó ní ká ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa, ká fi í sínú oòrùn títí di ọ̀sán, ká wá ṣí i lójijì ká gbọ́ ohun tí yóò máa run, kí òun sì ká kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ rẹ̀ wò.

Ojú Dáraọlá kọ́rẹ́ lọ́wọ́ kan. Ó ní òun ò mọ̀ pé yíyẹ̀ ni wọn yóò máa yẹ ọmọ ìyá wò bí olè. Ìwọ náà mọ bí ilé wa ṣe rí. Ohun tí ẹbí bá gbé wá, a kì í yẹ abẹ́ rẹ̀ wò lójú rẹ̀, àbùkù ńlá ni. Bó bá jẹ́ iṣu ni, a ó gbà á tìdúpẹ́tìdúpẹ́, bó bá ti rà nínú, ìgbà tó bá padà lọ ilé la ó tó bẹ́ ẹ dànù. Mo wá mú àṣà tí a fi ń gba iṣu, mo fi ra ọkọ̀.

Ni mo bá yíjú sí Jethro. Háà, mo bú u! Mo ní ṣé nítorí owó iṣẹ́ ló ṣe fẹ́ da àárín ẹbí rú. Mo ní kápẹ́ẹ̀tì ilé bàbá rẹ̀ ni kó lọ ká. Ó ká àkísà rẹ̀ sápò, ó kí wa, ó lọ. Mọ̀rìdíyà dá sí i láti ẹnu ọ̀nà, ó ní ta ni í da epo sínú ọkọ̀ tí kì í fọ̀ ọ́ kó tó gbé e wá tà. Mo ní kó lọ wo ìkòkò rẹ̀ lórí iná. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè gidi lobìnrin náà bi mí, títí di òní mi ò tíì dá a lóhùn.

Fún oṣù méjì, ọkọ̀ náà ṣe dáadáa. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Mo máa ń gbé e lọ kírun Jímọ̀ ní Òkìtìpupa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ilé mi gan-an ni mọ́sáláṣí wà. Mo lẹ àmì oṣù àti ìràwọ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé èmi ni mò ń kọjá. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, mo gbádùn ara mi.

Oṣù Kẹrin wá dé, àkọ́rọ̀ òjò dé, ọjọ́ ìdánwò tí Sàrátù fẹ́ fi wọ yunifásítì sì pé. Oǹdó ni wọ́n fi í sí, aago méje àárọ̀. Ìwọ àti Rose ní kó wá sùn lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ tó ṣáájú, Rose tiẹ̀ ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè é. Ọmọ náà bẹ̀ mí. Mo kọ̀. Mo ní kí ni ọmọ mi ń wá nínú ọkọ̀ èrò nígbà tí bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀. Mo fẹ́ kí n gbé e dé iwájú géètì, kí n fọn fèrè, kí ìwọ náà jáde wá wo ohun tí Múrítàlá rà. Ìyẹn nìkan ló fà á, Olúyọmí, kò sí ìdí mìíràn.

A kí àsùbáà tán, a gbéra. Òjò ń rọ̀. A ò tíì dé Orè tí iná ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mi sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, òjò ń dà lù mí. Wáípà dúró. Ẹ́ńjìnnì kú fin-ín. Àárín oko ọ̀pẹ la wà, kò sí ilé, gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá ló kún fọ́fọ́. Sàrátù fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ dá ọkọ̀ dúró, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò ṣí, àfi ìgbà tí mo yí lọ síta lọ ṣí i fún un. Láti ọjọ́ yẹn ni ilẹ̀kùn náà ò ti ṣí láti inú mọ́.

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá kí ọkọ̀ èrò kan tó ráàyè gbé wa dé ibi ìdánwò. Wọ́n ti ti géètì. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ kò bú wa, ó kàn mi orí ni. Sàrátù dúró, ó fi ìwé rẹ̀ tó wà nínú ọ̀rá mọ́ àyà, omi ń kán lára ìbòrí rẹ̀. Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ǹ bá rí nǹkan sọ. Ọdún kan gbáko nínú ayé ọmọ mi ló dúró sẹ́nu géètì yẹn. Ilé rẹ la yà sí lẹ́yìn náà, ẹ fún wa lóúnjẹ, o bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní bátìrì ló kú. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún ọ lórí ọkọ̀ yìí nìyẹn.

Jethro náà ni mo lọ bá kó tó wá fa ọkọ̀ náà wálé. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì tí mi ò jẹ́ kó ká. Amọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, amọ̀ kíkúnná bíi ti etí odò, òjò ti tún rin ín. Ó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin, ibi tí omi dé hàn gbangba lára rẹ̀, òkè mọ́, ìsàlẹ̀ dúdú. Nínú búùtù, lábẹ́ táyà àfipamọ́, ó ṣa ìgbín omi kékeré kan tó ti gbẹ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní kò sí wáyà kan nínú ọkọ̀ náà tí kò ní jẹrà díẹ̀díẹ̀, àti pé bí òun bá tún un ṣe lónìí, yóò kú lọ́la. Kò sọ pé ṣebí òun wí. Ó sàn kó sọ ọ́.

Mo gba Akotogbo lọ. Dáraọlá ò jiyàn, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní òun náà ò mọ̀ nígbà tí òun rà á, ìgbà tí òórùn ẹrọ̀fọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lòun fura, lòun bá da epo sí i kó lè bò ó. Owó ti wọ ẹ̀rọ ìfúnpo, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ilé ní kí n fọwọ́ wọ́nú. Mo bú u títí ẹnu mi fi gbẹ. Mo ní ẹni tó lè mú epo, ohun tí Ọlọ́run fi ń bọ́ wa, kó fi bo ibi mọ́lẹ̀, kì í ṣe ẹni tí à ń pè lẹ́bí. Jọ̀ọ́, rántí gbólóhùn yẹn, nítorí ẹnu mi ló ti jáde.

Ibi tó nira fún mi láti kọ la dé yìí. Ewé mẹ́rin ni mo ti ya sọnù nítorí rẹ̀.

Ní oṣù Keje, Jethro ti so wáyà mọ́ wáyà débi tí ọkọ̀ náà fi lè tanná. Ó ní kí n má tà á fún ẹnikẹ́ni láti máa gùn, kí òun tú u, ká ta ẹ̀yà ara rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n owó kékeré ni ìyẹn yóò mú wá, ọkàn mi ò sì gbà. Mo gbọ́ pé Àkànmú kan láti Oǹdó ń ra ọkọ̀ kiri, mo ránṣẹ́ pè é. Àárọ̀ ọjọ́ tí yóò dé, òjò ti rọ̀, òórùn ẹrọ̀fọ̀ yẹn gbòde nínú ọkọ̀. Mo wọlé. Mo bu epo, epo tuntun, èyí tó dára jù nínú ilé. Mo dà á sínú búùtù, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì pa á káàkiri. Nígbà tí Àkànmú dé, ó fa imú, ó béèrè. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àwa elépo, epo ni lọ́fíńdà wa. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sanwó.

Mo yíjú padà báyìí, Sàrátù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti rí gbogbo rẹ̀.

Kò bá mi jà. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ mi wá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń wọn epo fún oníbàárà, ó máa ń wo ọwọ́ mi. Ọmọ tí mo bí ló ń ṣọ́ ọwọ́ mi nídìí epo! Mo ń sọ fún ara mi pé oníṣòwò ọkọ̀ ni Àkànmú, ó yẹ kó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò jẹ́ kí èrò mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní àjèjì kan ni yóò jẹ́, bí ẹni pé àjèjì kì í ní ìyàwó tó lóyún.

Nígbà tí ohùn rẹ dákẹ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé, Sàrátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, èmi ni n ó gbé e lọ. Bí ẹ ò bá sì kọ ọ́, n ó fẹnu sọ ọ́.” Kò pariwo. Ohun tó sọ láti oṣù Keje ò tó ìyẹn lápapọ̀.

Ọkọ̀ ni o ṣì nílò, oyún ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, ẹni tó jìn sí kòtò kúkú ni í kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí owó rẹ bá ká tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó nínú rẹ̀ rí, ǹ bá ní kí o lọ rà á, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gbèsè ọkọ̀ tuntun dè ọ́ lọ́rùn nígbà tí ọmọ ń bọ̀. Àlòkù tó dára wà. Má sì jẹ́ kí orúkọ tòkunbọ̀ máa dán lójú rẹ bó ṣe dán lójú mi. Èyí tí èèyàn kan lò níbí, tí o mọ ilé rẹ̀, tí o mọ mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe, lè sàn ju èyí tí o ò mọ odò tó wọ̀ rí. Àárọ̀ ni kí o lọ wò ó, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì tutù. Bí o bá fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tí o rí i pé wọ́n ti tanná sí i kí o tó dé, béèrè ohun tí wọn ò fẹ́ kí o gbọ́. Kí wọ́n fa géèjì òróró ẹ́ńjìnnì jáde. Bí òróró ibẹ̀ bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti bá a, kí wọn pé ó dàbọ̀ kí o sì máa lọ.

Kápẹ́ẹ̀tì, àfi kí wọ́n ká a. Bẹ́líìtì, àfi kí o fà á tán. Wo abẹ́ ìjókòó bí irin rẹ̀ bá ti dípẹtà, wo inú iná iwájú bí omi bá ti lá a. Táyà tó jẹ lápá kan ju ìkejì lọ, ọkọ̀ náà ti forí gbá nǹkan rí tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ́. Kí nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ bá ti inú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀, ìwọ tíṣà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Má wà á yí ọgbà wọn po lásán, gbé e gun òkè, kí o sì gbé e gba ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́. Gbogbo ilẹ̀kùn, ṣí i láti inú. Láti inú o! Ju gbogbo rẹ̀ lọ, fi imú rẹ ṣiṣẹ́, òórùn tó bá dùn mọ́ ọ jù sì ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Ì báà jẹ́ lọ́fíńdà, ì báà jẹ́ epo, ì báà jẹ́ tùràrí ìjọ yín. Bó bá wá jẹ́ pé ẹbí ló ń tà á, tàbí ọmọ ìjọ, tàbí ọ̀rẹ́ bíi tèmi, ìgbà yẹn gan-an ni kí o pe mẹkáníìkì méjì.

Mo ti lọ bẹ Jethro. Mo bẹ̀ ẹ́ ní sọ́ọ̀bù rẹ̀, níwájú gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀, nítorí níwájú èèyàn ni mo ti bú u. Ó ní òun yóò bá ọ wá ọkọ̀ tó dára, láti Sátidé yìí lọ, àti pé òun ò gbowó lọ́wọ́ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń retí ọmọ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Bó bá ní kí ẹ fi ọkọ̀ kan sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹ tó rí i, wá onítakisí kan tó ń gbé nítòsí yín, gba nọ́ńbà rẹ̀, bá a sọ ọ́ ṣáájú, kó máa mọ̀ pé Rose ń bẹ.

Èmi náà ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ti ta gbogbo epo tí mo tọ́jú de ìgbà ọ̀wọ́n, kí n lè dá owó Àkànmú padà fún un, kí n gba ẹrù mi. Ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò gbé e wálé, kò ní fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ títì mọ́ láyé. Jethro yóò tú u. Mọ̀rìdíyà ní kí wọ́n bá òun fi èyí tó bá kù ṣe ilé adìẹ, kí ó lè wúlò fún ẹnìkan nínú ilé yìí.

Àmọ́ mo mọ ara mi. Ojú ń tì mí, ìtìjú lè dá mi padà ní Orè. Bí agogo mọ́kànlá bá lù tí o ò rí mi, má dúró dè mí. Mú lẹ́tà yìí lọ bá Àkànmú, kà á sókè níwájú gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ tó ń wo ọkọ̀. Má fo ibi tí mo ti da epo.

Olúyọmí, mo ṣẹ̀ ọ́. O wo ọkọ̀ tó lè pa ìyàwó rẹ, o rí ọwọ́ mi lára rẹ̀, ọkàn rẹ sì balẹ̀ nítorí mi. Kò sí èébú tí o lè bú mi tó dùn mí tó ìyẹn. Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, mo ṣe bí àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí. Mi ò ní kí o dárí jì mí kíákíá. Kí o ṣáà má sanwó náà.

Bá mi kí Màmá. Bá mi kí Rose, ṣùgbọ́n má ka gbogbo èyí sí i létí kí àyà rẹ̀ má bàa já, kàn sọ fún un pé ọkọ̀ náà ò dára. Sàrátù yóò sùn lọ́dọ̀ yín. Bẹ́ẹ̀dì tí ẹ tẹ́ dè é ní oṣù Kẹrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un tẹ́. Nígbà tí ìdánwò ọdún tó ń bọ̀ bá dé, ọkọ̀ èrò ni yóò wọ̀ wá bá yín láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Nígbà tí a wà ní kíláàsì kan náà, ìwọ lo kọ́ mi pé lẹ́tà ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, orúkọ kan ṣoṣo là ń kọ sísàlẹ̀ rẹ̀, torí ọ̀rẹ́ ti mọ ọ̀rẹ́. Ti òní yìí, mo kọ ọ́ ní kíkún, kí ẹnikẹ́ni tó bá wà lọ́dọ̀ Àkànmú ní Sátidé lè mọ ẹni tó da epo sí i.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀,

Múrítàlá Owólabí,
elépo, Àyèká.